Sonata Kejì Chopin: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Ọ Tán, Kí Ó sì Yé Yín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ apá kan nínú iṣẹ́ yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Òun ni orin òkú tí àwọn ẹgbẹ́ afunfèrè máa ń lù nígbà tí wọ́n bá ń gbé pósí ènìyàn ńlá kọjá, èyí tó ń rìn gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e. Inú Sonata Kejì tí Frédéric Chopin, ará Póláńdì tó ń kọ orin, kọ fún píánò, ní B-flat minor, Opus 35 (nọ́ńbà iṣẹ́ náà), ni orin náà wà. Apá mẹ́rin ni sonata náà, orin òkú sì ni ìkẹta. Ẹni tó bá gbọ́ ìkẹta yẹn nìkan, ibi ìsìnkú ló dé láìmọ ẹni tó kú.

Ẹni tí kò lu píánò rí, tí kò sì mọ bí a ṣe ń ka orin lórí ìwé, ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ máa tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọwọ́ òsì. Ẹ wo ìlù dùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ń dáhùn, ó ń di orin mú kó má bàa tú. Lórí píánò, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń ṣe ìyáàlù, òsì a sì ṣe omele. Etí a máa sá tọ ọwọ́ ọ̀tún lọ torí pé òun ló ń dún lókè. Nínú sonata yìí, omele ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yóò rò pé orin mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n kó sójú kan. Robert Schumann, tí òun náà jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ orin kíkọ, rò bẹ́ẹ̀. Ní 1841 ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ tí orí wọn dàrú jù lọ nínú ọmọ Chopin, mẹ́rin péré, ló so pọ̀ síbí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọwọ́ òsì, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Díẹ̀ nípa bí a ṣe kọ ọ́, torí ó wúlò fún etí. Ní 1810 ni wọ́n bí Chopin ní Żelazowa Wola, nítòsí Warsaw ní ilẹ̀ Póláńdì. Ó kúrò nílé ní 1830, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní Paris ní 1849, ní ọmọ ọdún 39. Orin òkú yẹn ló kọ́kọ́ kọ, ní 1837. Ó di 1839, nígbà ooru, ní Nohant ní ilẹ̀ Faransé, nílé òǹkọ̀wé obìnrin George Sand, kó tó kọ mẹ́ta yòókù yí i ká. 1840 ni wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Nítorí náà orin òkú kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún sonata. Òun ló ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ́lé yí ká.

Ìpalẹ̀mọ́

Ẹ wá nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín. Lórí áàpù orin tàbí YouTube, ẹ tẹ "Chopin Sonata No. 2 Op. 35". Kí ẹ tó fọwọ́ tẹ ohunkóhun, ẹ ka iye apá tó wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́rin. Èyí àkọ́kọ́ máa ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́jọ, ìkejì mẹ́fà sí méje, ìkẹta bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ìkẹrin kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ púpọ̀. Bí ẹ bá rí "Funeral March" nìkan, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè àti gòjé, ẹ̀dà tí wọ́n tún tò fún ẹgbẹ́ orin ńlá ni (Edward Elgar ṣe ọ̀kan ní 1933). Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń wá, torí níbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ òsì ti pín sọ́wọ́ ogún ènìyàn.

Ẹ pa shuffle. Ẹ pa crossfade náà, ìyẹn ètò tó máa ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá pa á yóò pàdánù ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín apá kẹta àti ìkẹrin, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì jẹ́ ara orin. Bí áàpù yín bá jẹ́ èyí tó ń fi ìpolówó há àárín orin, ẹ wá ẹ̀dà tí ẹ lè gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 128 kbps, gbogbo ìṣẹ́jú 25 yẹn kò ju nǹkan bí 24 MB lọ.

Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ. Ibi tí iṣẹ́ yìí ń kùnà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ọwọ́ òsì ń lù. Ohun tí yóò dé etí yín ni ọwọ́ ọ̀tún tó ń já ṣòò láìní ilẹ̀ tó tẹ̀. Ẹ lo earpiece, kí ẹ fi sí etí méjèèjì, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ní béèsì gidi. Ẹ sì ṣọ́ra fún béèsì àṣejù pẹ̀lú: bí ẹ bá ṣí bass boost, gbogbo ìsàlẹ̀ yóò di kùùkùù kan náà.

Ẹ fi ibi tó pariwo jù nínú apá àkọ́kọ́ díwọ̀n bí ohùn ṣe máa ga tó, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí orin bá rẹlẹ̀, tí ẹ sáré gbé ohùn sókè, ẹ ti ba ohun tí Chopin ṣe jẹ́. Ó fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí i ni.

Apá àkọ́kọ́

Bar (ìpín kéékèèké tí a fi ń ka orin) mẹ́rin péré ni ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ́ra, ó wúwo. Grave ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ohùn méjì àkọ́kọ́ ni kọ́kọ́rọ́: D-flat, lẹ́yìn náà E tó wà jìnnà nísàlẹ̀. Àtòkè já bọ́ sísàlẹ̀ ni, ìjábọ́ tó jìn ju ohun tí ẹnu sábà máa ń kọ lọ. Ẹ dá orin dúró níbẹ̀. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn méjì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì fi imú kùn ún tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi lè kùn ún láìsí orin. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, òun ni yóò sì sanwó fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn bar mẹ́rin náà, eré bẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po méjì ìyára ni ìwé sọ. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ dá wọlé, ó ń fò láti ìsàlẹ̀ sókè bí ẹṣin tó ń sáré, kí ọwọ́ ọ̀tún tó dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkurú kúkurú tó ń já lẹ́nu, bí ẹni tí èémí kò tó tó ń jíṣẹ́ burúkú. Ẹ má wá orin tó lọ gbọọrọ níbẹ̀, kò sí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ọkàn yóò balẹ̀: orin kejì dé ní D-flat major (major sábà máa ń dún bí ayọ̀, minor bí ìbànújẹ́), ó dúró ṣinṣin, kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ń tẹ̀ lé kọ́ọ̀dù bí orin ìyìn tí àwọn akọrin dìde kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gòkè, ó sì di ńlá.

Ibi tí apá yìí ti parí ìdá kìn-ín-ní rẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Wọ́n ní kí a tún un lù, ṣùgbọ́n láti ibo? Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Leipzig fi àmì ìpadà sí ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùlù píánò sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Àwọn mìíràn, tí Charles Rosen, olùlù píánò àti òǹkọ̀wé nípa orin, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára wọn, ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, pé inú Grave gan-an ni ká padà sí. Nínú ẹ̀dà tí Brahms, tí òun náà ń kọ orin, bójú tó, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń padà sí. Àwa fara mọ́ èyí, ìdí rẹ̀ sì wà fún etí: ìdá tó parí náà fi ẹsẹ̀ kan sókè, ìjábọ́ yẹn ló sì ń gbé e sọlẹ̀. Àwọn olùlù mìíràn fo àtúnlù náà pátápátá. Èyí tí tiyín ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí apá náà kò bá ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fò ó.

Ní àárín, ojú ọjọ́ ṣú. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ níbí, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìjábọ́ Grave tí ẹ ti kùn lẹ́nu náà padà wá, ó wà lọ́wọ́ òsì, ó ń lù lábẹ́ ọ̀rọ̀ kúkurú ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tó dàbí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí wọlé tẹ́lẹ̀ ti di ìpìlẹ̀ ilé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, òkè ló wà. Kó padà, kó tún un gbọ́.

Àṣà sonata ni pé lẹ́yìn ìdàrú àárín, orin àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ padà, kí ìkejì tó tẹ̀ lé e. Chopin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin ìyìn yẹn ló padà, ní B-flat major, orin elémìí kúkurú kò sì padà mọ́ bó ṣe wọlé lákọ̀ọ́kọ́. Ó ti lò ó tán ní àárín. Ẹni tó bá ń dúró de ohun tí ìwé kọ́ ọ yóò rò pé òun sùn lọ. Ẹ kò sùn. Apá náà parí sí B-flat major pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Apá kejì

Scherzo ni orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí ẹ̀fẹ̀ lédè Ítálì, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ ka ọ̀kan-méjì-mẹ́ta kíákíá. Ohùn kan náà ni wọ́n ń gbá léraléra tó ń le sí i, ọwọ́ méjèèjì ń fi kọ́ọ̀dù gun òkè. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ olùlù tó ń pariwo lásán yàtọ̀ sí èyí tó ń kó agbára jọ díẹ̀díẹ̀: ti àkọ́kọ́ ti lo gbogbo agbára rẹ̀ ní ìlà kìn-ín-ní.

Lẹ́yìn náà, ó rọ̀. Orin àárín, ní G-flat major, ń mì bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Àwọn kan a máa rẹ̀ níbẹ̀ torí pé ó pẹ́, ó sì ń tún ara rẹ̀ sọ. Ẹ gbé etí sí ohùn tó rẹlẹ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkà mẹ́ta mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí bó ṣe ń rìn. Ìbínú padà, ó sì yẹ kó parí sínú ìbínú, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ́kún yẹn ló tún yọjú ní òpin, tó pa orin náà dé jẹ́jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Orin òkú ló kàn.

Apá kẹta

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ẹ fi ohùn orin sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì nìkan ni kí ẹ gbọ́. Kọ́ọ̀dù méjì péré ni, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì: èyí, ìyẹn, èyí, ìyẹn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì àwọn tó gbé pósí. Bar lẹ́yìn bar, kọ́ọ̀dù méjì yẹn kò yí padà, ohunkóhun tó wù kí ọwọ́ ọ̀tún máa sọ. Ọwọ́ tó ti ń fò bí ẹṣin ní apá àkọ́kọ́ ti rọ jọwọrọ, ìgbésẹ̀ méjì péré ló kù fún un.

Nísinsìnyí, ohùn orin. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ tonic sol-fa dáadáa, ẹ jẹ́ ká lò ó. Orin náà dúró lórí *la*, ó tẹ *la* mọ́lẹ̀ léraléra láìkúrò lójú kan, gígùn kan, kúkurú kan, gígùn. Ìgbà tó gbéra, kò jìnnà: *d t t l l se l*. Ó gun *do*, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan *se* (ìyẹn *sol* tí a gbé sókè díẹ̀), ó padà sí *la*. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ó rí i pé ohùn mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni gbogbo ìbànújẹ́ yẹn dì mú. Ẹni tó ń rìn lẹ́yìn òkú kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin náà gbéra sí major, ó le, ó sì ní ọlá. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀: ohùn ń gbọ̀n rìrìrì lọ́wọ́ òsì, bí ìlù àwọn ológun tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbọ̀n. Lórí ẹnu fóònù, ìgbọ̀nrìrì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún.

Àárín orin òkú ni ibi tó ṣòroó lù jù, bó tilẹ̀ dàbí èyí tó rọrùn jù. D-flat major, orin kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ń já kọ́ọ̀dù rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Kọ́ọ̀dù agogo ti dákẹ́. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Èkíní, olùlù tó bá fi sísanra ohùn ṣe é yóò sọ ọ́ di orin ìfẹ́. Èkejì, olùlù tó bá lọ́ra jù yóò jẹ́ kí orin náà já sí ọ̀nà, torí ohùn píánò kì í dúró, bí ìka bá ti tẹ̀ ẹ́ ló ti ń kú lọ. Ìdánwò kan wà: ẹ gbìyànjú láti fi èémí kan kọ ìlà orin kan tẹ̀ lé e. Bí èémí yín bá tán kí ìlà tó parí, olùlù náà ti lọ́ra ju.

Nígbà tí kọ́ọ̀dù méjì yẹn bá padà, ẹ ṣọ́ bí ó ṣe padà. Nínú ìwé Chopin, bó ṣe lọ lákọ̀ọ́kọ́ náà ló padà. Ṣùgbọ́n olùlù píánò Anton Rubinstein bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí Rachmaninoff, olùlù píánò mìíràn, tẹ̀ lé nínú àwo tó gbà sílẹ̀ ní 1930: ó fi gbogbo agbára gbá ìpadà náà, ó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin, bí ẹni pé àwọn agbókùú kọjá níwájú ilé yín, wọ́n sì ń jìnnà lọ. Kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá a jà, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní October 30, 1849, níbi ìsìnkú Chopin fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Madeleine ní Paris, ẹgbẹ́ orin ńlá lu orin yìí, Napoléon Henri Reber ló tò ó fún wọn.

Apá kẹrin

Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Julian Fontana ní August 1839, Chopin sọ pé lẹ́yìn orin òkú, ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún yóò máa bá ara wọn ṣòfófó, ohùn kan náà ní ẹnu méjèèjì. Ẹ mú u gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ń lu ohùn kan náà pẹ̀lú octave kan (bíi láti *do* kan dé *do* tó tẹ̀ lé e) láàárín wọn, kò sí kọ́ọ̀dù, kò sí ibi ìsinmi, mẹ́ta-mẹ́ta, ohùn méjìlá nínú bar kan, fún bar 75. Ó ní kí a lù ú lábẹ́ ohùn, kí a so ó pọ̀. Ìyáàlù kò sí mọ́, omele kò sí mọ́. Ọwọ́ òsì tí ẹ ti ń tẹ̀ lé láti ìṣẹ́jú ogún ó lé ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ síbi ìsìnkú mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kúrò nídìí sàréè: àwọn ènìyàn a fi orí kan orí, wọn a rẹ ohùn sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé olùgbọ́ ń wá orin tó lè kọ. Ẹ má wá a. Ẹ fetí sí ìgbì, ibi tó ń ru àti ibi tó ń rọlẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ lè dì mú: ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ gan-an tún padà. Bí ẹ bá ti kùn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́nu, ẹ ó dá a mọ̀. Àṣìṣe ti olùlù ni pẹ́dà, ìyẹn ohun tí olùlù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn má tètè kú: bí ó bá tẹ̀ ẹ́ púpọ̀ jù, ohun gbogbo yóò di ẹrẹ̀, bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́ rárá, ó lè dún gbẹ bí ẹ̀kọ́ ìka. Èyí tó dára ni kí ẹ máa gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa fara kan ara wọn.

Lẹ́yìn gbogbo wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo já lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ó parí. B-flat minor. Ìṣẹ́gun apá àkọ́kọ́ kò padà.

Ìgbà kejì

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ gbọ́ olùlù mìíràn. Àwo Rachmaninoff ti 1930 ní ariwo àwo àtijọ́, etí yóò mọ́ ọn lára láàárín ìṣẹ́jú kan. Martha Argerich (1974) ń sáré, apá kejì rẹ̀ ń jó bí iná. Maurizio Pollini (1984) fara balẹ̀, ó hàn kedere, a sì lè gbọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ bar lẹ́yìn bar, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́kọ́ júwe rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ náà wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi mẹ́ta péré tó: ibi tí wọ́n padà sí nínú apá àkọ́kọ́, bí kọ́ọ̀dù agogo ṣe padà nínú orin òkú, àti iye pẹ́dà tó wà nínú ìkẹrin.

Lẹ́yìn kọ́ọ̀dù ìkẹyìn, ẹ sáré dá ẹ̀rọ dúró kí orin mìíràn tó wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ka mẹ́wàá nínú ìdákẹ́jẹ́. Kí ẹ wá padà sí apá àkọ́kọ́, kí ẹ gbọ́ Grave nìkan, ohùn méjì yẹn, D-flat tó já bọ́ sí E, kí ẹ sì pa á.